Ohùn Màmá Nínú Dẹ́ẹ̀kì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde, ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, ni mo gbọ́ ohùn màmá wa láti inú ilé tí wọn kò gbé rí láyé wọn. Aago náà dá mi lójú nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró sí ẹnu géètì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbájọ, mo fẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá ṣí i fún mi, n kò sì tíì tẹ nọ́ńbà wọn tí orin fi jáde láti ojú fèrèsé pálọ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́, láìsí dùùrù, láìsí ohùn mìíràn. Kì í ṣe ohùn òkè tí gbogbo ìjọ mọ̀ ló ń kọ. Ohùn kejì ni, èyí tí àwọn akọrin ń pè ní áátò. Màmá ti kú láti ọdún méjì ṣáájú.

Mo kọ́kọ́ rò pé inú fóònù ló ti ń jáde. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé ohùn jáde báyẹn. Mo ń gbọ́ bí màmá ṣe ń fa èémí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, bí ẹni pé wọ́n dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, jẹ́ ọmọ Ìgbájọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà, ìlú wọn ni wọ́n kọ́lé sí, ibòmíràn ni wọ́n ti ń jẹun. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wálé, wọ́n á gbé nǹkan tuntun wá sí pálọ̀. Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ náà, mo rí sípíkà méjì tó ga dé èjìká mi, ampulifáyà tó ń tan iná búlúù, àti àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń fa orin láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàárín gbogbo wọn, lórí pákó dídán, dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì màmá wa jókòó. Ọ̀dà dúdú ti bó ní etí rẹ̀. Ìdérí bírò tí màmá fi rọ́pò bọ́tìnì tó já ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti nu eruku rẹ̀, wọ́n sì ti fi wáyà tuntun so ó mọ́ ampulifáyà. Ó rẹwà níbẹ̀ ju bí ó ṣe rí nílé wa lọ, èyí gan-an ló sì kọ́kọ́ dùn mí.

"Ọ̀mọ̀wé dé!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì. "Wọlé kí o wá gbọ́ màmá rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọkọ wọn tó jókòó sórí àga gígùn. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè pé, "Sísí mi, níbo lẹ ti rí kásẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Ibi tí o gbé e sí ni. Nínú páálí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Àbí kí n jẹ́ kí ìkán jẹ màmá tán ni?"

"Tèmi ni."

"Ta ló ní kì í ṣe tìẹ? Àwo orí tábìlì ńkọ́, ṣé tìẹ náà ni? Jókòó kí o jẹun."

Ìyá ọkọ wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá a jà. Ẹ ò rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́ tèmi tí dẹ́ẹ̀kì sì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Nílé wa ní Ìlá, tí obìnrin bá kú, àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ló máa ń pín ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin kì í dá sí i. Ẹ̀gbọ́n màmá wa àgbà ló pín ti màmá, àwa méjì péré ni ọmọ. Ìyá àgbà náà ní ọ̀nà tiwọn. Ohunkóhun tó bá ní ìkejì, wọ́n á yà á. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní odó, wọ́n fún mi ní ọmọ odó. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìkòkò, ìdérí rẹ̀ sì di tèmi. Wọ́n gbé dẹ́ẹ̀kì síwájú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti páálí kásẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ mi.

"Ẹni tó ní odó kò lè gúnyán láìwá ẹni tó ní ọmọ odó lọ," ni wọ́n wí. "Ìyá yín ti lọ. Ohun tí yóò máa mú yín rí ara yín nìyẹn."

Mo mi orí. Lójú mi nígbà náà, ọgbọ́n ni. N kò rò ó dé ibi pé ẹni tó ní dẹ́ẹ̀kì lè lo kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì nìkan lè fi í ṣe ju kó máa wò ó lọ. Láìpẹ́ wọ́n gbé mi lọ sí Òkè Ọya fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì fi páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti ọjà. Màmá ni olórí àwọn tó ń kọ áátò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ni kò lè ka dò-rè-mí tí ọ̀gá akọrin máa ń kọ sójú pátákó. Nítorí náà, tí orin tuntun bá dé, màmá á ki makirofóònù bọ dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á kọ áátò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì tún un kọ ní díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin náà á yá kásẹ́ẹ̀tì lọ sílé, wọ́n á máa gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń rokà tàbí fọṣọ. Òmíràn nínú wọn padà wá pẹ̀lú àmì epo pupa lára. Nítorí pé inú pálọ̀ ni màmá ti ń kọ ọ́, gbogbo ilé ló wà lẹ́yìn orin náà: adìyẹ, ìlẹ̀kùn, ẹni tó ń kí ẹni, àti àwa ọmọ.

Ibi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n yíjú sí ìyá ọkọ wọn.

"Mà, èyí tí ń bẹ ní ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ máa gbọ́ tẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé yìí ń ké, kò jẹ́ kí màmá kọrin. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n ní, 'Ìwọ ni ìyá rẹ̀, èmi kàn bí i ni.'"

"Áà!" ni ìyá ọkọ wọn wí. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi í bóyá mo purọ́."

N kò lè sọ bóyá wọ́n purọ́. N kò gbọ́ ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì náà rí. Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Wọ́n ti ní màmá fún ọdún mẹ́wàá kí n tó dé, ọdún tí n kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ ìgbà tí màmá sanra, wọ́n mọ ìgbà tí màmá ṣì ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi mọ ìyá tó ti ń wo ojú ọ̀nà pẹ̀lú awò. Nísinsìnyí, wọ́n tún ń sọ pé ẹnu màmá fúnra wọn ló fi mí fún àwọn. Bí gbólóhùn yẹn bá jẹ́ òótọ́, kí ni ó ṣẹ́kù tó jẹ́ tèmi? Mo mọ̀ pé ìbéèrè àgbàlagbà kọ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì kí n gbọ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jẹun, mo dúpẹ́, mo kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi sínú àpò, mo sì wá ọkọ̀ padà sí Ìlá. Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé géètì.

"Kó wọn lọ o. Ẹnu rẹ ni wàá fi máa kọ wọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá dẹ́ẹ̀kì tèmi. Mo kà nípa wọn lórí fóònù ní ibi iṣẹ́, nígbà tí kò bá sí nǹkan láti ṣe. Mo mọ èyí tó dára nínú wọn, mo sì mọ èyí tí ẹnu ọlọ́jà nìkan ti dára. Ní Ìbàdàn ni mo ti rí ọ̀kan rà níkẹyìn, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, tí bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí kò sí bọ́tìnì kan tó já. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìlá. Mo so ó mọ́ ampulifáyà kékeré tí mo fi ń gbọ́ orin láti inú fóònù, èyí tí ń gba Bulutúùtù, àti sípíkà méjì tí mo gbé sórí búlọ́ọ̀kù. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì orin ìyìn kan tí wọ́n tà lọ́jà nígbà kan dán an wò. Ohùn náà mọ́ gaara. Ayọ̀ tó bá mi kò mọ́ tó ohùn náà: Ìgbájọ ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé dẹ́ẹ̀kì tèmi sàn ju ti pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ, àti pé odó àti ọmọ odó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo báyìí.

Mo wá fi kásẹ́ẹ̀tì màmá sí i, ojú kejì.

Ó dà bí ẹni tí ń kọrin lábẹ́ kúbùsù. Mo mọ̀ pé màmá ni, mo mọ orin tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ẹkún ọmọdé. Mo gbọ́ pé orin dúró. Ẹnìkan sọ̀rọ̀, n kò sì gbọ́ ju ìró ẹnu lọ. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu inú dẹ́ẹ̀kì. Mo pààrọ̀ wáyà. Bákan náà ló rí. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ọjà padà sí i: gaara. Mo gbé ti màmá: kúbùsù.

Mo jẹ́wọ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹ̀dà rọ́pò ojúlówó. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí ojú fèrèsé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà màmá ló wà lára rẹ̀, àti àmì epo. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án, nítorí náà mo fi ìfura yẹn sílẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú inú dídùn.

Ìwé kíkà ló là mí lójú. Irin kékeré kan wà nínú dẹ́ẹ̀kì tí téèpù ń fara nù kọjá. Wọ́n ń pè é ní orí. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, dẹ́ẹ̀kì náà á máa kọ ohùn sílẹ̀ ní títẹ̀, á sì máa kà á ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀. Ìgbà tí a bá gbé téèpù rẹ̀ lọ sí dẹ́ẹ̀kì tó dúró ṣánṣán ni ohùn á bò mọ́lẹ̀. N kò gba èyí gbọ́ títí mo fi rántí ọ̀rọ̀ tí màmá máa ń sọ. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rà lọ́jà Ìlá ló máa ń ṣókùnkùn nínú dẹ́ẹ̀kì wọn, wọ́n á sì ní, "Ayédèrú ni gbogbo wọn. Àwọn ọlọ́jà yìí kò bẹ̀rù Ọlọ́run." Kì í ṣe ayédèrú. Orí dẹ́ẹ̀kì tiwọn ló tẹ̀.

Mo gbìyànjú láti tẹ orí tèmi bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún un ṣe ti fi gọ́ọ̀mù lílé kan lẹ sukúrù rẹ̀, ojú sukúrù náà sì ti ń jẹ lábẹ́ ọwọ́ mi, ni mo bá dáwọ́ dúró. Ohun tí mo ní ni dẹ́ẹ̀kì tó dára jù, tó lè ka gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ayé àfi ti màmá mi.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bùọ̀dá pè mí láti Ìgbájọ. Wọ́n ti wálé fún ìsinmi. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ pé o ti di ẹlẹ́dẹ́ẹ̀kì. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi wálé, ó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo rà ń dún bíi ti abẹ́ ilẹ̀ nínú ti màmá. Ó ní orí rẹ̀ ló tẹ̀, pé lọ́la òun á tò ó."

Mo kí wọn, mo sì pa fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí wọ́n bá tò ó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á dọ́gba. Kò sẹ́ni tí màmá á tún máa kọrin fún gaara nínú pálọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Mo yẹ èrò náà wò dáadáa. Ó ní àléébù kan. Bí a bá dọ́gba báyẹn, n kò ní mọ̀ láé bóyá màmá sọ ọ̀rọ̀ yẹn tàbí wọn kò sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò sì kù tí yóò máa sọ ọ́ bí ó ṣe wù wọ́n.

Mo kó kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò ní òwúrọ̀, mo wọ ọkọ̀ dé Ọ̀tan, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Nígbà tí òkè Ìgbájọ yọ, mo ní kí ọlọ́kadà túbọ̀ yára. Ó ní òun kò fẹ́ kú nítorí èmi.

Dẹ́ẹ̀kì náà wà lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bùọ̀dá, ọkùnrin kan tó wọ awò, ti mú sukurudíráfà dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ilé ìdáná. "Ọ̀mọ̀wé! Ṣé ìlara ló gbé ọ dé àárọ̀ yìí?"

"Ìlara náà wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò ó, Sísí mi, ẹ ò ní gbọ́ màmá dáadáa mọ́."

Mo ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀, mo sì sọ èyí tí n kò mọ̀. Ọkùnrin tó wọ awò mi orí. Ó ní òótọ́ ni, pé òun kò mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ nínú ẹ̀rọ náà wà. Pé òun lè sàmì sí sukúrù kí òun tó yí i, kí òun sì dá a padà bó bá yá, ṣùgbọ́n òun kò lè búra pé á bọ́ sí ibi tó wà gan-an.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún un. Ohùn wọn ti yí padà. "Bùọ̀dá, ẹ lọ ra dẹ́ẹ̀kì míràn fún kásẹ́ẹ̀tì tiyín."

Wọ́n dé e padà, wọ́n gbé e sáàárín àwọn ẹ̀rọ yòókù, Bùọ̀dá sì fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó máa gbà á sílẹ̀. Mo na kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló fi í sí i, ojú kejì, wọ́n sì fi ìka tẹ ìdérí bírò.

Kò sí kúbùsù. Màmá kọrin. Ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá kọrin lé e lórí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ pé, "Ìwọ ni ìyá rẹ̀." Mo fi Yorùbá ìwé kọ ọ́ síbí, Ìgbómìnà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù kan kọjá níwájú ilé, ó sì gbé ìyókù lọ.

A dá téèpù padà. A tún gbọ́ ọ.

"Ẹ gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "'Èmi kàn bí i ni.'"

"Sísí mi, alùpùpù ni mo gbọ́."

"Alùpùpù ni ìwọ gbọ́. Èmi wà níbẹ̀."

"Èmi náà wà níbẹ̀."

"Ẹkún ni ìwọ wá ké níbẹ̀!"

Bùọ̀dá àti ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín títí awò ọ̀rẹ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. N kò lè bínú. Ìdajì gbólóhùn náà ti di òótọ́ lójú mi, ìdajì kejì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Wọ́n ti ní i tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì ní i.

Téèpù náà kò dúró. Ẹkún rọlẹ̀, ó sì dákẹ́. Ohùn ọmọbìnrin kan sọ láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ó ti sùn, màámi." Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu. Màmá bẹ̀rẹ̀ orin náà padà láti ìlà tí wọ́n ti dúró, mo sì rò pé mo gbọ́ nǹkan kan, n kò sì fẹ́ gbà á gbọ́ lórí ìró etí nìkan. Mo ní kí wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú náà.

Abẹ́rẹ́ kékeré méjì wà lójú dẹ́ẹ̀kì tó ń fò sókè bí ohùn bá ṣe ga tó. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, n kò wo ẹnikẹ́ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, abẹ́rẹ́ méjèèjì ń kan ibi pupa ní òpin ìlà orin kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti sùn títí téèpù fi tán, wọn kò kàn án mọ́. Màmá ti rẹ ohùn wọn sílẹ̀ kí n má bàa jí.